Ẹni Tó Ṣu Ló Ń Gbàgbé

Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Nítorí àwọn tó ń ṣe ọmọnìkejì wọn níbi ni wọ́n ṣe ń pa òwe yìí. N kò rò pé ọmọ ajá wà lọ́kàn ẹni tó kọ́kọ́ pa á. Ṣùgbọ́n ní ìsinmi ńlá tó kọjá, èmi ni mo kó o. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni mo fi ń kó ìgbẹ́ ajá kúrò nínú ilé mi, tí mo ń nu ìtọ̀ ajá lẹ́bàá àga, lábẹ́ tábìlì, lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, àti ní ọjọ́ kan tí n kò fẹ́ rántí, lórí àpò tí mo ń kó ìwé mi sí. N kò gbàgbé ọ̀kankan nínú wọn. Ajá náà ní tirẹ̀ ń gbàgbé, kíákíá ni ó sì ń gbàgbé. Nínú ìgbàgbé rẹ̀ yìí ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí wà.

Bí ó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa nìyí. Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Kétu rán ọmọkùnrin rẹ̀, ọmọ ọdún 8, sí wa ní Àjàṣẹ́ kí ó lè bẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́ tuntun lọ́dọ̀ wa. Bàbá ọmọ náà ti di olóògbé láti ìgbà ọyẹ́. Àgbẹ̀ ni, ó sì ń ṣe ọdẹ, ajá rẹ̀ kan ṣoṣo ni ó fi sílẹ̀ sílé. Ajá náà bímọ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Nígbà tí ọmọ àbúrò mi sọ̀kalẹ̀ nínú takisí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Keje, àpò aṣọ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ọ̀tún, agbọ̀n kan wà lọ́wọ́ òsì, wọ́n sì fi àkísà bo agbọ̀n náà. Láti Kétu, gba Pọ́bẹ̀, gba Ṣakété, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé e. Ìgbà tí ó ṣí i ni a rí ọmọ ajá pupa kan tí etí rẹ̀ kan nà sókè tí èkejì sì wó lulẹ̀. Ó ti tọ̀ sínú agbọ̀n náà.

Àwọn ọmọ mi sọ ọ́ ní Milou lójú ẹsẹ̀, nítorí ìwé àwòrán Tintin tí wọ́n ń kà. Màmá mi tó ń bá wa gbé ní òun kò lè pe ajá ní orúkọ tí kò ní ìtumọ̀. Ní ayé tiwọn, ajá a máa jẹ́ orúkọ tí ń sọ̀rọ̀, kí olúwa rẹ̀ lè fi pe ajá rẹ̀ kí aládùúgbò tí ọ̀rọ̀ kàn sì gbọ́. Ó sọ ọ́ ní Tanímọ̀la. Orúkọ méjèèjì ni ajá náà ń jẹ́ títí di òní, bí ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tòótọ́.

Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ni ilẹ̀ ilé wa. Yàrá iwájú ni ìyàwó mi ti ń ránṣọ. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ rẹ̀ wà, ibẹ̀ náà ni aṣọ àwọn oníbàárà rẹ̀ máa ń wà. Ní ọjọ́ kẹrin tí ajá dé, aṣọ ìgbéyàwó oníbàárà kan jábọ́ láti orí àga, ẹ̀yin náà ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Ìyàwó mi kò pariwo. Ó fọ aṣọ náà, ó lọ̀ ọ́, ó gbé e kọ́, lẹ́yìn náà ó wá bá mi. Ó ní: “Bàbá àwọn ọmọ, ẹ gbọ́ o. Ọmọ yẹn, ọmọ wa ni, kò síbi tó ń lọ. Ṣùgbọ́n bí ilé ìwé bá fi wọlé tí ajá yẹn ṣì ń ṣu sínú ilé yìí, takisí tó gbé e wá náà ni yóò gbé e padà.” N kò rí ohun tí mo lè fi dá a lẹ́bi. Ọmọ náà wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò sọ nǹkan kan.

Ẹlòmíràn yóò ní: ṣebí ajá ni, kí ló dé tí ẹ kò so ó mọ́ ìta? Àgbàlá wa kì í ṣe tiwa nìkan. Ìdílé 3 mìíràn ni a jọ ń lò ó, alùpùpù ń wọlé, alùpùpù ń jáde láti ìdájí dé òru, ọmọ ajá oṣù 2 kò sì tóbi ju bàtà àgbàlagbà lọ. Ní alẹ́ kan ṣoṣo tí a dán an wò, ọmọ àbúrò mi dìde lọ́gànjọ́, ó lọ sùn tì í lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. A kó àwọn méjèèjì wọlé.

Mo wá dáwọ́ lé kíkọ́ ajá. Ohun tí mo ti rí lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn láti kékeré ni mo ṣe. Bí mo bá ti òde dé tí mo rí ìtọ̀ nílẹ̀, n óò wá ajá náà rí níbikíbi tó bá wà, n óò fà á dé ibẹ̀, n óò ti imú rẹ̀ bọ inú rẹ̀, n óò jágbe mọ́ ọn, n óò sì fi ìdí ìgbálẹ̀ lù ú lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́yìn náà n óò gbé e síta kí ó lè mọ ibi tí ó yẹ. Mo ṣe é ní ọ̀sẹ̀ 2. Èrè tí mo rí gbà ni pé ajá náà kò tọ̀ lójú mi mọ́. Ó dẹ̀yìn ẹ̀rọ ìránṣọ, ó dabẹ́ ibùsùn, ó dàárín àpótí méjì níbi tí ọwọ́ kò lè dé. Bí mo bá fi okùn mú un jáde, tí mo dúró tì í ní ogún ìṣẹ́jú, kì í ṣe nǹkan kan. Yóò kàn máa wo ojú mi. Bí a bá ti wọlé tí mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ti ṣe é. Mo ní àrékérekè ni. Mo ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.

Ọmọ àbúrò mi, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀, ló dá mi lóhùn lọ́jọ́ náà. Ó ní: “Bàbá, ó ń gbọ́ o. Ó rò pé ẹ kò fẹ́ kí òun máa tọ̀ rárá ni.”

Ó yẹ kí ojú tì mí, ó sì tì mí. Iṣẹ́ tí mo ń jẹ lẹ́nu ni kíkọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀dá abẹ̀mí, èyí tí a ń pè ní SVT. Lọ́dọọdún ni mo ń ya ajá Pavlov sójú pátákó fún wọn. Ivan Pavlov, ará Rọ́ṣíà, ẹni tó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1904 nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí bí oúnjẹ ṣe ń dà nínú ara, ni ó fi hàn pé bí ìró kan bá ń dún ní kété kí oúnjẹ tó dé, tí èyí sì ṣẹlẹ̀ léraléra, àsìkò ń bọ̀ tí ìró náà nìkan yóò tó láti mú itọ́ jáde lẹ́nu ajá. Itọ́ ni mo wí o, kì í ṣe ìtọ̀. (Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń fi àmì ohùn sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń kọ Yorùbá lórí fóònù, ẹ wo irú àṣìṣe tí ẹ lè fi bá Pavlov lórúkọ jẹ́.) Kókó inú ẹ̀kọ́ náà ni pé ohun méjì tí a fẹ́ kí ajá so pọ̀ gbọ́dọ̀ súnmọ́ ara wọn gidigidi. Bí ìró bá dún ní òwúrọ̀ tí oúnjẹ sì dé ní ọ̀sán, ajá kò ní so wọ́n pọ̀ láéláé. Mo ti kọ èyí sójú pátákó láìmọye ìgbà, mo ti fi ṣe ìdánwò, mo ti fún ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n ní òdo. Síbẹ̀, ajá tọ̀ ní aago 9, mo nà án ní aago 11.

Ohun tí ajá náà mọ̀ ní aago 11 ni pé mo wọlé, mo sì ń nà án. Ẹni tó ṣu ti gbàgbé. Ojú ẹ̀bi tí a máa ń sọ pé ajá ń ṣe, orí tó ń tẹ̀ wálẹ̀, ìrù tó ń ká sábẹ́, ìbẹ̀rù ohùn àti ojú tiwa ni. Ẹ̀rí ọkàn kọ́. Bí a bá sì bá a lórí rẹ̀ gan-an tí a lù ú, ohun tó so pọ̀ ni ìtọ̀ àti ènìyàn: bí ènìyàn bá wà nítòsí, kò dára kí n tọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń wo ojú mi níta tí kò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ọ ni ó ń ṣe, ó sì mọ̀ ọ́n dáadáa.

Bí mo ti mọ èyí tó, ọwọ́ mi kò tí ì kúrò lára ìgbálẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn mọ nǹkan, ọ̀tọ̀ ni kí ìbínú òwúrọ̀ gbà á láyè láti ṣe é. Ibi kan wà tí mo máa ń bá ìtọ̀ ní àràárọ̀, ní igun yàrá àwọn ọmọ, níbi tí ọmọ àbúrò mi ń tẹ́ ẹní sí. Èyí ló ń bí mi nínú jù, nítorí a máa ń mú ajá jáde kí a tó sùn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, mo bá a níbẹ̀, ó pọ̀, mo ké, mo gbé ìgbálẹ̀ sókè. Ọmọ náà bá di ọwọ́ mi mú. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọmọ ọdún 8 tí a tọ́ ní Kétu kì í di ọwọ́ àgbàlagbà mú. Ó ní: “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Kì í ṣe òun. Èmi ni.”

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó dé, ó ti tọ̀ sórí ẹní lẹ́ẹ̀kan, mo sì ti bá a wí níwájú àwọn ọmọ mi pé ọmọ tó tó báyìí. Láti ìgbà náà ni ẹní rẹ̀ kò ti tutù mọ́, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ náà ti tán. Àṣé bí a bá ti pa iná tán ni ó ń ká ẹní rẹ̀ kúrò, tí ó ń sùn sórí sìmẹ́ńtì, kí ẹní má baà tutù. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a ó bá ìtọ̀ nílẹ̀, a ó sì mú ajá. Ọ̀sẹ̀ 2 ni ajá bàbá rẹ̀ fi jẹ ẹgba rẹ̀, tí ó ń wò ó.

N kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Mo gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Màmá mi ló ti orí àpótí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà sọ̀rọ̀, kò tilẹ̀ yíjú sí wa. Ó ní: “Ìwọ olùkọ́. Nígbà tí mo bí ọ, ṣé ìgbálẹ̀ ni mo fi kọ́ ọ? Bí o bá ti jí, n ó gbé ọ sórí ẹsẹ̀ mi méjèèjì, n ó máa ṣe ‘ṣíì, ṣíì’ sí ọ létí. Bí o bá mu ọmú tán, bẹ́ẹ̀ náà ni. Kí o tó ṣe é ni mo ti ń gbé ọ, n kì í dúró dìgbà tí o bá ṣe é tán. Bí o bá ṣe é, mo kì ọ́. Bí o bá ṣe é sí mi lára, mo fọ aṣọ mi.”

Ẹ jẹ́ kí n wí fún yín pé kò sí nǹkan kan tí mo tún kà lẹ́yìn náà nípa títọ́ ọmọ ajá tó ju ọ̀rọ̀ yìí lọ. Àlàyé lásán ni àwọn ìwé ṣe sí i. Ọmọ ajá tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí kò tilẹ̀ lè tọ̀ fúnra rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló ń fi ahọ́n lá a nídìí kí ó tó lè ṣe é, ìyá náà ló sì ń nu gbogbo rẹ̀ mọ́. Bí ó bá tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é fúnra rẹ̀, ó sì ń kúrò níbi tó ń sùn kí ó tó ṣe é. Nítorí náà ìmọ́tótó ti wà lára rẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ohun tí kò mọ̀ ni pé gbogbo ilé, láti yàrá dé yàrá, ibùsùn ni wá kà á sí. Ní Kétu kò sí ẹni tó ní láti kọ́ ọ: ilẹ̀ erùpẹ̀, ìlẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ láti àárọ̀ dálẹ́, ìyá rẹ̀ níwájú, igbó lẹ́yìn ilé. Àwa la ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn, tí a tẹ́ sìmẹ́ńtì sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, tí a gba ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, tí a wá ń bi í pé kí ló dé.

Àpò ìtọ̀ rẹ̀ náà kéré. Àwọn tó ń tọ́ ajá ní ìṣirò kan: ka iye oṣù tí ọmọ ajá ní, fi 1 kún un, iye wákàtí tó lè mú un mọ́ra nìyẹn, ó pọ̀ tán. Ọmọ ajá oṣù 2, wákàtí 3 nìyẹn, nígbà tó bá sinmi. Bí ó bá ń ṣeré, kò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Kí ó tó tó oṣù 4 sí 6, ara rẹ̀ kò tí ì gbó tó láti dúró de ẹni tó lọ sọ́jà Ouando.

Bí a ṣe wá ṣe é nìyí. A yan ibì kan ní ìdí igi máńgòrò lẹ́yìn ilé, lẹ́yìn tí a ti tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn tí a jọ ń gbé. Ibẹ̀ nìkan ni a ń mú un lọ, pẹ̀lú okùn, nítorí òórùn tó wà níbẹ̀ láti àná ni yóò máa rán an létí. Bí ó bá ti jí lójú oorun, a jáde. Bí ó bá jẹun tán, a dúró díẹ̀, a jáde. Bí ó bá ṣeré tán, a jáde. Ní àárín rẹ̀, bí wákàtí kan bá ti kọjá tí kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, a jáde náà. Bí a bá dé ìdí igi, a ó dúró jẹ́ẹ́, a kì í bá a ṣeré, ọmọ àbúrò mi yóò sì máa ṣe “ṣíì, ṣíì” gẹ́gẹ́ bí Màmá ti wí. Bí ó bá ti ṣe é tán, kí ó tó gbé ẹsẹ̀, ọmọ náà yóò ní “O káre!”, yóò sì fún un ní ẹja gbígbẹ tí kò ju orí èékánná lọ. Ẹja náà gbọ́dọ̀ ti wà lápò. Bí ènìyàn bá ní kí òun wọlé lọ mú un wá, wíwọlé ni ajá yóò rò pé a ń yìn ín fún.

A ń fún un lóúnjẹ ní àsìkò kan náà lójoojúmọ́, nítorí ohun tó wọlé ní àsìkò ń jáde ní àsìkò. A kò fi í sílẹ̀ kí ó máa rìn káàkiri ilé. Ojú ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀, bí kò bá sì sí ẹni tó ráyè, a so okùn rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ àga níbi tí a ti ń rí i. Ajá tó fẹ́ ṣe é máa ń fi hàn: ó ń gbóòórùn ilẹ̀, ó ń yí po lójú kan, ó ń fi eré sílẹ̀ lójijì, ó ń wo ìlẹ̀kùn. Bí a bá bá a lẹ́nu rẹ̀, a kì í pariwo; a ó gbé e sókè jẹ́jẹ́, a ó gbé e lọ sídìí igi. Bí a bá débẹ̀ lẹ́yìn tó ti ṣe é, a ó nù ún. Kò tún sí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Nínù náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Omi Javel ni a ti ń dà sí i tẹ́lẹ̀, nítorí ilé a máa ta sánsán mọ́tótó sí imú wa. Imú ajá kì í ṣe imú wa. Sìmẹ́ńtì ń mu ìtọ̀, òórùn rẹ̀ sì wà níbẹ̀ fún un lẹ́yìn tí a bá ti rò pé ó tán. Lójú ajá, ibi tó bá rùn bẹ́ẹ̀ ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, omi Javel tó bá kan ìtọ̀ lè tú èéfín tó ń ta ènìyàn lójú àti ní ọ̀fun. Ọṣẹ àti omi lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ọtí kíkan tí a fi ń se saladi, tí a là pẹ̀lú omi, ni a wá ń lò. Ìyàwó mi ní ilé ń rùn bí ilé oúnjẹ àwọn Faransé. Ṣùgbọ́n ajá kò padà sẹ́yìn ẹ̀rọ ìránṣọ mọ́.

Níwọ̀n bí mo ti ń sọ pé kí ẹ mú ajá jáde, ó tọ́ kí n sọ ibi tí ẹ kò gbọdọ̀ mú un lọ. Ọmọ ajá tí kò tí ì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ dé ẹ̀bá ọ̀nà àti ààtàn tí ajá gbogbo ayé ń ṣu sí. Àrùn kan wà tí wọ́n ń pè ní parvovirose, tó ń mú kí ó máa bì kí ó sì máa ṣu ẹ̀jẹ̀, kòkòrò rẹ̀ sì lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù. Ìdí igi tí ajá mìíràn kì í dé ló dára fún un. Ẹ máa kó ìgbẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́ kí ẹ sì bò ó mọ́lẹ̀ jìnnà sí ibi tí ọmọdé ti ń fọwọ́ wa ilẹ̀ ṣeré, nítorí aràn inú ọmọ ajá lè ran ènìyàn. Ẹ bi dókítà ẹranko léèrè oògùn aràn. Bí ó bá tó oṣù 3, ẹ mú un lọ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Láti ọdún 1885 tí Louis Pasteur ti gún Joseph Meister, ọmọ ọdún 9 tí ajá bù jẹ, ni a ti mọ̀ pé ènìyàn lè bọ́ lọ́wọ́ àrùn yìí bí a bá tètè gún un. Bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára ènìyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìwòsàn. Ẹni tí ajá bá bù jẹ, kí ó fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ó sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má fi epo àti ewé dúró de ọ̀la.

Ní alẹ́, inú páálí ni Tanímọ̀la ń sùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní ọmọ náà. Páálí náà kò tóbi ju kí ó lè yípadà nínú rẹ̀, nítorí ajá kò fẹ́ tọ̀ síbi tó ń sùn. Bí ó bá fẹ́ jáde, a ké wíwíwí. Màmá ló dá a lábàá pé níwọ̀n ìgbà tí ajá yóò jí ọmọ náà ní nǹkan bí aago 2, kí àwọn méjèèjì jọ jáde, kí olúkúlùkù ṣe tirẹ̀ kí wọ́n sì jọ wọlé. Èmi ni mo ń gbé tọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo bá ọmọ náà sọ ọ́: mo ní ọ̀pọ̀ ọmọ tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ṣì ń tọ̀ lójú oorun, pé kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe àìgbọràn, ara ni kò tí ì gbó tán, pé ó sì lè padà wá bá ọmọ tí ó ti kọjá rẹ̀ bí ìbànújẹ́ ńlá bá bá a. N kò sọ irú ìbànújẹ́ wo. Mo sọ fún un pẹ̀lú pé n kò ní sọ ọ́ níwájú ẹnikẹ́ni mọ́. Ó gbà mí láyè láti kọ èyí, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílé ìwé kò sì mọ ẹni tí ó jẹ́. (Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ń tọ̀ pẹ̀lú ìrora, tàbí tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ ní àgbẹjù, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà.)

Ó wá ìwé kan, ó ń fi ṣàkọsílẹ̀ ajá rẹ̀. Ìlà fún ìta, àyíká fún inú ilé. Ọjọ́ àkọ́kọ́: ìlà 9, àyíká 4. Ọ̀sẹ̀ kejì, àyíká 1 lóòjọ́, ọjọ́ mìíràn kò sí. Mo rò pé a ti ṣẹ́gun. Òjò oṣù Kẹsàn-án wá dé. Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé ọmọ ajá kì í fẹ́ jáde sínú òjò. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó na ẹsẹ̀ kan síta, ó fà á padà, ó wò mí bí ẹni pé èmi ni mo ń rọ òjò náà. Ọjọ́ 2 tẹ̀lé ara wọn tó jẹ́ kìkì àyíká, ìwọlé ilé ìwé sì ku ọjọ́ 5. Ọmọ náà kò jẹun dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ gbé agboòrùn Màmá, ó gbé ajá lé apá, ó lọ dúró sídìí máńgòrò lábẹ́ òjò, “ṣíì, ṣíì”, títí aṣọ rẹ̀ fi tutù dé àyà. Mo ń wò ó láti ojú fèrèsé. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mo gbọ́ “O káre!” tó jẹ́ pé àwọn ará ilé kejì gbọ́ ọ pẹ̀lú.

Ilé ìwé wọlé. Kò sí ẹni tó mẹ́nu ba takisí. Ìyàwó mi kó àwọn ègé aṣọ tó kù nínú ìránṣọ rẹ̀, ó rán wọn pọ̀, ó tẹ́ wọn sínú páálí ajá láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ, mo ń wá ìwé tí n ó ya nǹkan sí, mo sì mú ìwé àkọsílẹ̀ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí. Mo ṣí i láti ẹ̀yìn. Ó ti fa ìlà sí ojú ìwé ìkẹyìn, ó kọ “Èmi” sókè rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà kékeré. Àyíká pọ̀ níbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ìlà méjì, àyíká kan. Ìlà márùn-ún. Àyíká kan. Ìlà mẹ́fà. N kò kà á dópin. Mo pa ìwé náà dé, mo sì dá a padà síbi tí mo ti mú un gẹ́lẹ́. Tanímọ̀la ti dé ẹnu ọ̀nà, ó ń gbóòórùn ilẹ̀, ó ń yí po. Mo lọ ṣílẹ̀kùn fún un.